Ìlú Kan Tí Mo Fò Lójú Ọ̀nà Ítálì

Ẹ má wo fóònù orí itan mi yìí mọ́. Láti àárọ̀ lèmi náà ti ń gbìyànjú kí n má wò ó, ojú ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kúnlé, sún àpótí yẹn mọ́ ìyá rẹ àgbà kó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè kọjá. Ẹ ní kí n sọ bí a ṣe ń rìnrìn-àjò nígbà tiwa, kí ọkàn wa lè kúrò lórí ohun tí à ń retí. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ọkàn tèmi ò ní kúrò níbẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Kúnlé fẹ́ fi mọ́tò gbé èmi àti ìyá yín àgbà káàkiri àwọn ìlú orí òkè ní Ítálì fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀la la máa fi ìwé físà sílẹ̀, ìwé náà sì ń béèrè ibi tí a ó sùn ní alaalẹ́. Àǹtí yín Mojí, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú yẹn. Ọdún kẹta rèé tí èmi àtòun ò ti sọ̀rọ̀, àfi ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní òun máa pè láti sọ bóyá ká yà lọ́dọ̀ òun tàbí ká máa bá ọ̀nà wa lọ. Òní ni Ọjọ́rú, kò tíì pè.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ tìgbà yẹn.

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Yàbá níbí, lẹ́yìn Sábó. Ìgbájọ ni wọ́n ti bí i, ìlú orí òkè ni ìyẹn náà. Kérésìmesì kan ò lè kọjá ká má lọ sílé. Kò sí fóònù nígbà náà, kò sí obìnrin inú ẹ̀rọ tí ń sọ pé yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Búrẹ́dì la fi ń mọ ọ̀nà. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ará Èkó kì í lọ sílé láìmú búrẹ́dì dání, ìyẹn ẹ mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, màmá mi á to búrẹ́dì sórí tábìlì, á máa pè wọ́n lórúkọ: èyí ti Ṣàgámù, èyí ti Ìbàdàn, èyí ti Ìyá Ìwó, èyí ti Òṣogbo, èyí ti Ìkìrun. Ilé tí a ó yà sí ló ń kà yẹn. Ẹni tó bá ka búrẹ́dì ti ka ìrìn-àjò náà tán. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bu orí ti Òṣogbo jẹ nínú ọkọ̀, bàbá mi ò lù ú, ó kàn ní kó sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo kó lọ ṣàlàyé fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó ṣàlàyé pẹ̀lú omijé, wọ́n sì fún un lẹ́ran.

Yíyà yẹn, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ ó gba iwájú ilé ẹ̀gbọ́n yín kọjá ní Mushin, ẹ ó tẹ ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, ó parí. Nígbà tiwa, o ò gbọdọ̀ gba ìlú ẹbí rẹ kọjá láìdúró. Ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá kí wọn, wàá mu omi, wọ́n á béèrè àlàáfíà gbogbo ènìyàn dórí ewúrẹ́ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé. Dẹ́rẹ́bà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rí i pé èrò kan fẹ́ yà, á pa ẹ́ńjìnnì, á lọ wá ẹ̀kọ jẹ. Nítorí ẹni tó bá kọjá láìyà, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó wà nínú ilé yẹn ti kú lójú òun. Kò ní fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni yóò gbọ́ ọ.

Ọdún kan wà tí radiétọ̀ ọkọ̀ wa hó láàárín Ìbàdàn sí Ìwó. A dúró dè é títí ó fi tutù, a bu omi odò sí i, oòrùn ti wọ̀ nígbà tí a dé Ìwó. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò dúró o, òun fẹ́ dé Òṣogbo kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Bàbá mi wojú dẹ́rẹ́bà, ó wojú ọ̀run, ó ní, "Ó dáa, máa lọ." Màmá mi dá búrẹ́dì Ìyá Ìwó padà sínú ẹrù. Nígbà tí a dé Ìgbájọ tí wọ́n tú ẹrù, búrẹ́dì kan ṣẹ́kù. Ó wà lórí tábìlì fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, títí ó fi bu. Gbogbo ọdún Kérésìmesì yẹn ni bàbá mi ń yíjú kúrò nínú yàrá náà.

Ta ló ròyìn fún Ìyá Ìwó, mi ò mọ̀ dòní. Àbúrò bàbá mi ni Ìyá Ìwó, ó ń ta epo pupa. Nígbà tí à ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, àárín títì la ti bá a. Ọjọ́ kejì rèé tó ti ń dá ọkọ̀ dúró, tó ń yọjú wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ máa sọ ti radiétọ̀. Ìyá Ìwó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ti kú ni?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n pátápátá, dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú erùpẹ̀, níṣojú àwa ọmọ rẹ̀ àti gbogbo èrò ọkọ̀. Ọkọ̀ náà bá tiẹ̀ lọ. A lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ìwó, iléèwé ti wọlé kí a tó dé Èkó, tíṣà sì nà wá láìbéèrè ìdí.

Àwọn ẹlòmíràn náà ní ilé wa nínú ìrìn-àjò tiwọn. Bí ará Ìgbájọ, Ìlá tàbí Ìrèé bá sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè, ọ̀dọ̀ káfíńtà ní Yàbá ni. Ẹní mẹ́rin máa ń wà ní kíká sígun yàrá, wọ́n ń dúró de àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú. Lóru, bí rélùwéè bá fọn fèrè níbi tó ti ń gé títì kọjá, àwọn àlejò á fò dìde, àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Ọkùnrin ará Ìlá kan wà tó ṣi ilé. Ó wọ ilé Alágbà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un ní ìrẹsì, ó sùn, ọjọ́ kejì ló tó béèrè pé káfíńtà dà. Alágbà ní, "Káfíńtà wo?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú un wá fún wa. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni ọ́ kó tó wọlé, nítorí ilẹ̀kùn kì í wà ní títì lọ́sàn-án. Ọmọ ilé kì í béèrè lẹ́nu ọ̀nà, wíwọlé ló ń wọlé.

Àwọn adigunjalè ló pa ìyẹn. Wọ́n dé ní ìgbà tí èmi náà ti di baálé ilé. Ẹ ò bá a, ẹ máa dúpẹ́. Ìgbà náà la mọ ògiri, tí a fọ́ ìgò sórí rẹ̀, tí a gbé géètì onírin sẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo méjì. Mi ò ní ká má ti ilẹ̀kùn, orí mi ò tíì dàrú. Mo kàn ń sọ pé bí a ṣe ń ti olè mọ́ ìta ni a ń kọ́ ẹnu wa ní irọ́ kékeré: sọ fún un pé mi ò sí, sọ fún un pé mo ti jáde, sọ fún un pé mo ti lọ sílé. Irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, bí a ṣe rò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti Ítálì.

Ìyá yín àgbà ló ni ìrìn-àjò yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Jọ́gíráfì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní Sùúrùlérè, ó sì ní àwòrán ìlú òkúta kan tó wà lórí òkè, tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Dépò, bàbá Kúnlé, ló ní òun máa fi ìrìn-àjò náà ta á lọ́rẹ. Kúnlé ló máa wakọ̀, ó ti gba láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń lò lókè òkun. Èmi, nítorí pé iléeṣẹ́ ọ̀nà ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi hewú, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀nà sórí ìwé, wọ́n ní kí n yẹ ọ̀nà wò.

Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kúnlé ti tẹ máàpù sórí ìwé ńlá nítorí ojú mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì yìí. Ó ń kà á fún wa: Róòmù, Orvieto, Siena, Florence, Arezzo, Gubbio, Perugia, Assisi, ká padà sí Róòmù. Ó ní ọkọ̀ kékeré la máa gbà, torí ọ̀nà inú àwọn ìlú yẹn fún bí ọ̀nà ọ̀fun. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò àlejò wọ àárín ìlú àtijọ́. Kámẹ́rà á yà ọ́, ìwé ìtanràn á sì bá ọ délé. Ìsàlẹ̀ òkè la máa gbé mọ́tò sí, ká fẹsẹ̀ gòkè. Mo ní orókún ìyá rẹ àgbà ńkọ́? Ó ní àtẹ̀gùn tí ń rìn fúnra rẹ̀ wà ní Perugia, ó ń gbé ènìyàn gba inú òkè lọ sókè. Mo ní ó dáa. Ó ní wákàtí méjì la máa lò ní Assisi. Wákàtí méjì! Ẹni tó ń lọ gba gáàrí ní Ọ̀yìngbò ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bi í léèrè pé kí ló gbé àwọn ènìyàn yẹn gorí òkè. Ó ní torí pé ibẹ̀ dára láti máa wo ìsàlẹ̀. Mo ní, "Kúnlé, ta ló ń pọn omi gun òkè nítorí kó lè máa wo ìsàlẹ̀? Ogun ni." Ogun ló gbé wọn síbẹ̀ bó ṣe gbé àwọn baba wa gorí òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Ìyá yín ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fi ogójì ọdún sọ ohun kan náà fún àwọn ọmọ. Inú ilé dùn. Kí ẹ mọ̀ pé inú ilé dùn títí di ìgbà tí mo mú pẹ́ńsù.

Mo fa ọ̀nà láti Róòmù, mo gba Orvieto, mo gba Siena, mo dé Florence, mo sọ̀ dé Arezzo. Láti Arezzo, ọ̀nà kan wà tó gba òkè lọ sí Gubbio, tó ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí Perugia. Ojú mi rí Gubbio. Orúkọ rẹ̀ hàn ketekete. Ibẹ̀ ni Mojí ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Láti ibẹ̀ sí Perugia ò ju bí Ìbàdàn ṣe jìnnà sí Ọ̀yọ́ lọ. Mo wọ́ pẹ́ńsù mi gba ìsàlẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ adágún omi ńlá kan kọjá, mo dé Perugia.

Ìyá yín yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wo ìwé náà.

"Bàbá Dépò, ẹ fo ìlú kan."

"Ìlú tí kò sí lójú ọ̀nà ni."

"Ó wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ yí ọ̀nà padà."

Mo ní, "Ẹni tó dé Èkó tí kò ya ilé bàbá rẹ̀, kí ni bàbá ń wá nílé tirẹ̀?"

Ohun tí mò ń sọ nìyí, fún ẹ̀yin tí wọn ò ṣàlàyé fún. Ní ọdún kẹta sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ Mojí kan ṣègbéyàwó ní Ìkejà. Mojí wá, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ìyá yín wà ní Àbújá nígbà náà, ó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Èmi nìkan ló wà nínú ilé yìí. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan dì mọ́ mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire o, a jọ wà níbi ìgbéyàwó pẹ̀lú Mojí!" Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìyá yín dé, ó pè é. Mojí ní òun wá sí Yàbá, pé wọ́n ní Bàbá ti lọ sílé, pé òun pe fóònù mi, kò lọ. Mo ní irọ́ ni. Mi ò kúrò nínú ilé yìí rárá lóṣù náà. Orí àga yìí ni mo wà. Kó má yà, ó burú. Kó tún purọ́ mọ́ ọn, ó burú jù. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbé e. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún tèmi wà lábẹ́ agbádá fún ọdún mẹ́ta.

Ìyá yín ò pariwo lọ́jọ́ Àìkú náà. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í pariwo. Ó ká máàpù náà, ó fún Kúnlé, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì ẹ lọ wo òkè yín. Mi ò lè gba ẹ̀yìn ilé ọmọ mi kọjá bí olè. Mi ò lọ mọ́." Ó jókòó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Kúnlé ń wo ilẹ̀. Èmi ń wo fèrèsé, mò ń wá ọ̀rọ̀ líle tí màá sọ.

Báyìí ni Ìyá Ràmọ́tà ṣe wọlé. Ẹ mọ̀ ọ́n, télọ̀ tó wà nísàlẹ̀, tó ti Mushin kó wá. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹnu ọ̀nà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó kó àwọn ṣòkòtò tó ń rán fún ìyá yín wá, èyí tó fẹ́ fi gun òkè. Ó rí omijé, ó fẹ́ padà. Ìyá yín ní kó má lọ. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó nà án sí i. "Wò ó, ọmọ tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ yà lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyí."

Ìyá Ràmọ́tà wo àwòrán náà pẹ́. Ó fìdí lé àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Màmá, mo mọ ojú yìí. Ẹni yìí wá síbí."

Ìyá yín ní, "Nígbà wo?"

"Mi ò tíì pé oṣù méjì nílé yìí nígbà náà. Ó gbé báàgì pupa kan dání. Ó ní ṣé Bàbá wà. Mo ní wọ́n ti lọ sílé. Ó ní ọmọ wọn lòun."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò wá pè mí?"

Ó wojú mi, ó ń ṣẹ́jú. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹnikẹ́ni tó bá béèrè yín, kí n ní ẹ ti lọ sílé. Ẹ ní bó bá tiẹ̀ ní ọmọ yín lòun, kí n má ṣílẹ̀kùn."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló ń dá padà fún mi. Àwọn ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ló ń wá mi kiri nígbà náà, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe alága, mi ò fẹ́, mi ò sì nígboyà láti kọ̀ lójú wọn. Mo pa fóònù. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá télọ̀ tuntun, mo kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Mo tún fi ti ọmọ kún un, kó lè pa á lẹ́rìn-ín, torí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn láti máa pe ara rẹ̀ lọ́mọ mi. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gòkè, mo gbàgbé. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi balẹ̀, mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ìyá yín ò dá mi lẹ́bi. Ì bá dára kó dá mi lẹ́bi. Ó kàn ní, "Ẹ pè é."

Mo ní kí Kúnlé tẹ nọ́ńbà náà fún mi, torí mo ti pa á rẹ́ nínú fóònù tèmi. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó gbé e.

Mo ní, "Mojí, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ kú ọ̀sán, sà."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀, ó ti wúwo. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni pé o wá."

"Mo ti sọ fún yín nígbà náà."

"Wọ́n sọ fún ọ pé mi ò sí nílé."

"Ẹ wà nílé."

Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́ ohùn yín. Ẹ̀ ń bá rédíò jà lókè, ẹ ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo dúró sẹ́nu géètì, mò ń gbọ́ yín. Obìnrin yẹn ń wojú mi, ó ń sọ fún mi pé ẹ ti lọ sílé. Mo ní ọmọ yín ni mí, ó ní wọ́n ti sọ ìyẹn náà fún òun." Ó tún ní, "Mi ò lè sọ pé mo gbọ́ ohùn yín fún Màmá. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti gbọ́ ìròyìn ikú, mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn mí báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ti ẹgbẹ́ onílé, mo sọ ti alága, mo sọ ti ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bó ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún mẹ́ta. Mo dá ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín. Mo ní, "Mojí, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́." Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kankan rí, Dépò lè jẹ́rìí. Kúnlé ló bá mi di fóònù náà mú.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pè é lẹ́yìn, tó dá onítọ̀hún lóhùn ní èdè wọn, ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá arúgbó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdún mẹ́ta, Bàbá."

Mo ní, "Mo mọ̀. À ń bọ̀ ní Ítálì, èmi àti ìyá rẹ. Ṣé a lè yà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò. Màá pè."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ajé lọ, Ìṣẹ́gun lọ. Ìyá yín ní òun á lọ bí a bá máa yà, bí a ò bá ní yà, òun ò lọ. Kúnlé ní ibi tí a ó sùn ní alẹ́ kẹjọ ṣì ṣófo nínú ìwé físà, pé láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbà á. Mo mọ̀ pé òun náà ń bẹ̀rù láti bi mí. Béèrè, ọmọ mi. Mi ò ní já ọ jẹ.

O ní kí lo máa kọ síbẹ̀? Kọ Gubbio. Wá ilé ìtura kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀, tí ìyá rẹ àgbà lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Yọ Florence kúrò bí ọjọ́ ò bá tó. Mo ti gbọ́. O ní bí kò bá pè ńkọ́, bó bá pè tó sì ní ká má wá ńkọ́.

A ó lọ. Màá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, màá béèrè rẹ̀, màá ní bàbá rẹ̀ ni mí. Bí wọ́n bá ní kò sí nílé, bí mo bá tilẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè, màá ní ẹ ṣeun. Màá wá ibi tí mo lè jókòó sí níwájú ilé náà, màá sì dúró títí yóò fi ti ìrìn-àjò dé.